Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: "Oore Ṣíṣe Ti Fẹ́ Sú Mi"

Lóṣù tó kọjá, a sọ̀rọ̀ lórí Gálátíà 6:9, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí agara má dá wa nídìí rere ṣíṣe. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ. Kò sẹ́ni tó ní ká tún wàásù sùúrù fún òun. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é ni wọ́n ń béèrè. A mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé èyí tó gùn, a sì yọ orúkọ kúrò.

Okún o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń san owó iléèwé ọmọ àbúrò ọkọ mi. Aṣọ ni mo ń rán, kì í ṣe pé mo lówó. Ní Kérésìmesì tó kọjá, ìyá ọmọ náà sọ láàárín èrò pé torí kí wọ́n lè máa yìn mí ni mo ṣe ń ṣe é. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti rí ọmọ yẹn, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò mọ̀ ọ́n, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?
*Ìyá Aránṣọ, Kábà*

Ẹ kú ìfaradà, Ìyá wa. Pé ó dùn yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn nínú Lúùkù 17. Ọ̀kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni. Jésù béèrè pé àwọn mẹ́sàn-án yòókù dà? Ó kà wọ́n, ó mọ iye tó ṣẹ́ kù. Síbẹ̀, a ò kà á níbì kankan pé ẹ̀tẹ̀ padà sára wọn. Ẹ lè ka àwọn tí kò dúpẹ́. Ìwòsàn ni kí ẹ má gbà padà. Ọmọ ló ń lọ síléèwé, ìyá rẹ̀ kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ìyá lé ọmọ jáde ní kíláàsì.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ mú ìwé àti bírò. Lójú tiwa, èébú Kérésìmesì nìkan kọ́ ló ń dá yín lágara. Ìlérí tí kò lópin ni. Nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kí lẹ sọ gan-an? Bó bá jẹ́ "màá bá yín san owó iléèwé rẹ̀" lẹ sọ, títí dé ibo? JSS 3? SS 3? Yunifásítì? Nígbà tẹ́ ò ti fi òpin sí i, ìyá ọmọ á ti fi òpin tirẹ̀ sí i lọ́kàn ara rẹ̀, ẹ̀yin náà á fi tiyín sí i, òpin méjèèjì ò sì ní pàdé láéláé. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ohun tí ẹ máa ṣe, ẹni tí ẹ máa ṣe é fún, ìgbà tó máa parí, àti ẹnì kẹta tó mọ̀ sí i. Ẹ má fo ti ẹnì kẹta. Pọ́ọ̀lù gan-an kò dá gbé ọrẹ àwọn ìjọ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó mú àwọn ará tí gbogbo ìjọ mọ̀ dáadáa mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ nípa owó náà (2 Kọ́ríńtì 8:18-21).

Owó iléèwé, kó lọ tààrà sínú àkáǹtì iléèwé. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ. Bí wọ́n bá ń wá gba owó lójú ṣọ́ọ̀bù yín ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oníbàárà ń wò wọ́n, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ó fẹ́ ká máa yin òun" ti ń wọlé, bí ẹ̀yin ò tiẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń já ọ̀pọ̀ olóore kulẹ̀ lójijì: ọdún SS 3. Owó WAEC, NECO àti JAMB á jọ dé, ẹni tó ti ń san owó táàmù wọ́ọ́rọ́wọ́ á wá rí i pé ọwọ́ òun ò ká a mọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú 1 Kọ́ríńtì 16:2: kí kálukú máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe tó. Bí ẹ bá ń ju ₦500 sínú kóló lọ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ SS 1, ₦78,000 lẹ máa bá níbẹ̀ lópin ọdún mẹ́ta. Owó ìdánwò kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ máa béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ iléèwé lọ́dọọdún, kí ẹ sì fi kún ohun tẹ́ ẹ̀ ń jù bó bá yẹ.

Ní ti ìyá ọmọ, ẹ bá a sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ tí inú ń bí yín, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àwọn tó gbọ́ èébú náà. Ẹ̀yin, òun àti ọkọ rẹ̀ ti tó. "Ìyá Ọmọ, ohun tẹ́ ẹ sọ nígbà Kérésìmesì dùn mí. Mi ò ní tìtorí ẹ̀ dá ọmọ yìí dúró. Màá san án títí á fi parí SS 3. Ibẹ̀ ni agbára mi mọ." Kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má ka iye tẹ́ ẹ ti ná láti ọdún mẹ́ta fún un. Ẹni tó bá ti ń ka iye, ó ti sọ oore di gbèsè. "Gbà mí lójò, kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn" dáa láàárín àwọn tó jọ ń ṣe àáró, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n máa fi san án padà ni Jésù ní ká pè wá jẹun (Lúùkù 14:12-14).

Inú tó ń ru sí ọmọ náà ńkọ́? Ẹ ní kó máa mú èsì ìdánwò rẹ̀ wá fún yín ní òpin táàmù. Ẹ bi í léèrè ìwé tó kà. Ọmọ tẹ́ ẹ mọ̀ pé Ìṣirò ń yọ lẹ́nu ṣòroó bínú sí ju orúkọ kan lórí rìsíìtì lọ.

Bíbélì ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kó má jẹun. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, ń sùn di ọ̀sán lójoojúmọ́, èmi ni mo ń bọ́ ọ. Ṣé kí n lé e?
*Ẹ̀gbọ́n, Ìyàrà*

Ẹ tún 2 Tẹsalóníkà 3:10 kà. "Bí ẹnikẹ́ni kò bá *fẹ́* ṣiṣẹ́" ni Pọ́ọ̀lù wí. Ẹni tí kò fẹ́, ẹni tí kò rí, àti ẹni tí kò lè kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ wádìí èwo ni tirẹ̀. Ẹni tó ń sùn di ọ̀sán lójoojúmọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́, tàbí tó ń lo tramadol, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ. Bó bá jẹ́ ìmẹ́lẹ́ lásán, ẹ má fún un ní owó lọ́wọ́ fún oṣù kan. Kó máa jẹun nídìí tábìlì yín ní àsìkò tí gbogbo ilé ń jẹun. Bó bá ríṣẹ́ lọ, ẹ san owó ọ̀kadà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A ò ní kí ẹ lé e. Ẹsẹ mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí tí ẹ tọ́ka sí, ẹsẹ 13, ni Pọ́ọ̀lù ti tún sọ pé kí agara má dá wọn nínú rere ṣíṣe.

Ẹgbẹ́ abẹniwò ni wá nínú ìjọ wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, a jẹ́ 22. Báyìí, àwa mẹ́rin ló kù, ilé 15 ló sì wà lọ́rùn wa. Èyí tó ń dùn wá jù ni ti bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ló ń dá tọ́jú rẹ̀, egbò sì ti ń yọ ní ìdí bàbá. Àdúrà ni à ń gbà, a sì máa ń mú búrẹ́dì àti mílíìkì lọ. Kí la lè ṣe kí àwa mẹ́rin yìí náà má bàa túká?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìsánlú*

Ẹ dín ilé kù, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni mẹ́rin jẹ́ ìkọ̀ méjì. Ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ilé 13 yòókù, kí ẹ gbé e fún alùfáà yín, kí ẹ sọ fún un kedere pé ẹ ò lè lọ síbẹ̀ mọ́ àyàfi bí ó bá fún yín ní èèyàn. Ó máa ṣe yín bíi pé ẹ ti kùnà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fo àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn àpọ́sítélì ò ní àwọn á tún múra sí i. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ (Ìṣe 6:1-6). Jẹ́tírò náà ti sọ fún Mósè ṣáájú pé ohun tó ń ṣe yẹn máa dá òun àti àwọn èèyàn náà lágara (Ẹ́kísódù 18:18).

Àwọn 18 tó lọ, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. A ti rí irú ẹgbẹ́ yìí tó pọ̀ tó láti mọ ohun tó ń tú wọn ká. Ọjọ́ àbẹ̀wò bọ́ sọ́jọ́ ọjà. Oṣù May dé, oko ń bẹ ọkọ́. Owó ọ̀kadà ń jáde lápò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Èyí tó burú jù: kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tí iṣẹ́ máa parí, bí ẹnì kan bá fẹ́ sinmi, àfi kó parọ́. Ẹ ṣe é ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níwájú ìjọ, kí ẹ sì dá wọn sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè lọ láìsí ẹjọ́ ló tètè ń padà wá.

Ó wá ku bàbá. Ibi tó yẹ kí agbára yín lọ nìyí, nítorí àdúrà àti búrẹ́dì ò lè dá egbò yẹn dúró.

Bí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ bá pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi tí egungun ti tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú ló kọ́kọ́ ń kú kí awọ tó là. Egbò tí ẹ rí lónìí ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru. Nígbà tí egbò ti wà ní ìdí, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kó má fi egungun ìbàdí gún bẹ́ẹ̀dì ní tààrà o: ẹ ki ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ kó fara rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ìrọ̀rí kan láàárín orúnkún méjèèjì, òmíràn lábẹ́ ojúgun, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá.

Bí ẹ bá ń yí i, ẹ má wọ́ ọ; wíwọ́ ló ń bó awọ. Ẹ ṣẹ́ ìró òwú kan po sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan. Ẹnì kan á wà lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan lápá òsì, kálukú á ká etí ìró mọ́wọ́ títí á fi kan ara bàbá, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á sì jọ gbé e. Ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ti ń dá a wọ́ láti ìgbà yìí wá, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i, ẹ wo ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, kókósẹ̀, ìgbọ̀nwọ́, ìpàkọ́ àti etí. Lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ibi tó gbóná ju awọ tó yí i ká, tó le, tàbí tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kó tún fi ibẹ̀ sùn. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má da sípírítì sí i, ẹ má bu páúdà sí i. Róbà roboto tí àwọn kan ń kì sábẹ́ ìdí aláìsàn, ẹ gbé e sọnù. Ńṣe ló ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yí ibẹ̀ ká. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kan láti ibùdó ìlera wá kó fi bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò àti bí wọ́n ṣe ń dì í han ọmọ náà. Bí egbò bá ń rùn, tó dúdú, tàbí tí ara bàbá ń gbóná, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Búrẹ́dì yẹn gan-an ń dẹ́rù bà wá. Rọpárọsẹ̀ máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun, búrẹ́dì gbígbẹ sì lè há a. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò bó ṣe ń gbé nǹkan mì. Kó jókòó dáadáa kó tó jẹun, ààbọ̀ ṣíbí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá tó rọ, oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Kó wà ní ìjókòó fún ìdajì wákàtí. Bó bá ń wúkọ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró.

Yíyí méjìlá ló wà nínú ọjọ́ kan. Ẹ ò lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ gba méjì. Kí ìkọ̀ yín dúró ti bàbá fún wákàtí mẹ́ta, kí ọmọ lọ sùn tàbí kó lọ sọ́jà. Ẹ má jẹ́ kó fi wákàtí náà se oúnjẹ fún yín. Ó máa fẹ́ ṣe é, ẹ kọ̀. Èlíjà ní kí òun kú lábẹ́ igi lẹ́ẹ̀kan. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un: àkàrà àti omi ló gbé kalẹ̀, ó jẹ́ kó tún sùn, ó sì jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì (1 Ọba 19:4-8). Ẹ ṣe é fún ọmọbìnrin yẹn. Àdúrà yín, kó kúrú.

Mo gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá fún opó kan lóṣù January, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Lọ́dún tó ṣáájú, ewúrẹ́ ni mo fún un, ó tà á. Ohun tí mo bá ṣe fún un kì í dúró. Ṣé àmì ni pé kí n fi í sílẹ̀?
*Àgbẹ̀, Ẹ̀gbẹ*

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹ̀ẹ̀rùn ní àmì. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé ní January ní ilẹ̀ Yàgbà máa dúró bí oṣù mẹ́ta kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ìdúró lóko yín títí di April tàbí May, ìgbà yẹn ni kí ẹ gé e. Bó bá di dandan kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ nà á ró lábẹ́ igi tó ní ibòòji, kí ìdí rẹ̀ wọ ilẹ̀ tí ẹ ti tú, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Èyí tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ nínú oòrùn ti kú.

Ìdì mẹ́wàá náà ti pọ̀ jù fún un. Ìdì kan jẹ́ igi 50, igi tó gùn tó mítà kan sì ń di ègé mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ní ojú márùn-ún ó kéré tán. Ègé 200 ló wà nínú ìdì kan nìyẹn. Bí a bá gbìn ín ní mítà kan síra, ìdì mẹ́wàá máa gba ààbọ̀ éékà. Ta ló máa bá a ro ó? Ìdì márùn-ún, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 25, tó sì gùn ní mítà 40, ni obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè kápá. Kí igi náà ti ara ẹ̀gẹ́ tó ti tó oṣù mẹ́wàá sí méjìlá wá. Èyí tó tutù jù ń jẹrà, èyí tí ewé rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, tó ní àbàwọ́n, àrùn ló ń gbé lọ fún un.

Lẹ́yìn náà, ohun tó ń pa ẹ̀bùn oko jù: ìroko àkọ́kọ́. Ó yẹ kó wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ìgbà tí gbogbo ayé ń ro tiwọn, tí opó kò sì rówó fún alágbàṣe. Ẹ fi ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan kún ẹ̀bùn yín, kí ẹ dá ọjọ́ náà fún un nígbà tí ẹ bá ń kó igi fún un. Kí ẹ sì fi kóńgò àgbàdo kan sí i, kó gbìn ín sáàárín ẹ̀gẹ́. Ní bí oṣù mẹ́ta, á ti máa sè é jẹ. Bí kò bá rí nǹkan jẹ kí ẹ̀gẹ́ tó ta, ó máa hú u ní rírọ̀.

Ewúrẹ́ tó tà ńkọ́? Ohun tí ẹ bá ti fún un ti di tirẹ̀. Ó lè jẹ́ owó oògùn ọmọ ló fi ṣe. Diutarónómì 15:13, 14 ní kí a má jẹ́ kí ẹrú tí a dá sílẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, kí a fún un nínú agbo, nínú ilẹ̀ ìpakà àti nínú ibi ìfúntí. Kò sọ pé kí ọ̀gá máa tẹ̀ lé e kiri láti wo ohun tó fi ṣe.

Ní ti pé nǹkan ò dúró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Ẹ̀gbẹ mọ ìtàn ìlú yín jù wá lọ. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Sudan Interior Mission (SIM), dé ilẹ̀ Yàgbà. Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ ìjọ náà bí, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ lónìí, kò dé lọ́dún yẹn.

Ẹgbẹ́ wa pín ìrẹsì fún àwọn arúgbó, a sì gbé fọ́tò wọn sórí Facebook kí àwọn tó dáwó lè rí i. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Èkó bínú gan-an. Kí ló burú níbẹ̀?
*Ọ̀dọ́ kan, Mọ́pà*

Ọmọ náà jàre. Ẹni tó dáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó rẹ̀ wọlé, àmọ́ ojú arúgbó kọ́ ni rìsíìtì. Ẹ ya fọ́tò àwọn àpò ìrẹsì kí ẹ tó pín in, ẹ kọ iye kóńgò àti iye ilé, kí ẹni méjì fọwọ́ sí ìwé orúkọ, kí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ akápò nìkan. Fọ́tò ọmọdé, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Ẹ ka Mátíù 6:2-4. Kí ẹ sì lọ bẹ ìyá àgbà náà nílé, lọ́wọ́ òfo, láìsí kámẹ́rà.

Mo gbé ẹnì kan tó fara pa lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dá mi dúró di alẹ́ bíi pé èmi ni mo gbá a. Mo ti búra pé mi ò tún dúró fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà mọ́. Ẹ̀rí ọkàn mi ò sì jẹ́ kí n sinmi.
*Awakọ̀, ọ̀nà Kábà sí Ọ̀bàjànà*

Ohun tí wọ́n ṣe fún yín ò dáa, a ò ní ṣe bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Àmọ́ òfin wà lẹ́yìn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ ìbọn ló bà á, òfin ti 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, kí wọ́n má sì fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú ti ẹni tó gbé e wá.

Ará Samáríà inú Lúùkù 10 náà ní ìwọ̀n. Ó da òróró àti wáìnì sójú egbò, ó dì í, ó gbé ọkùnrin náà dé ilé èrò, ó san owó dínárì méjì, ìyẹn owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì, ó ní bí ó bá lé, òun á san án bí òun bá padà. Ó sì bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin náà ò ní láti gbé gbogbo rẹ̀ rù.

Ẹ dúró jìnnà sí ibi ìjàǹbá náà, ẹ já ẹ̀ka igi lélẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kí tírélà má bàa já lù yín. Ẹ dá ẹlòmíràn dúró kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun; ẹlẹ́rìí yín nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò àwọn ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe wà, kí tiyín náà hàn nínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé kò sí ibi tó ti gbá nǹkan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ ṣẹ́ aṣọ tó mọ́ po, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bó bá rin, ẹ fi òmíràn lé e. Ẹ má fi apá fà á jáde, àyàfi bí iná bá fẹ́ ràn: ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti dá, fífà yẹn ló sì máa rọ ọ́. Ẹ má fún un lómi mu. Fóònù àti báàgì rẹ̀, ẹ kà wọ́n lójú ẹlẹ́rìí yẹn, kí ẹ fi lé nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kó kọ wákàtí tí ẹ dé síwèé. Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀ lọ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ̀yin àti ẹlẹ́rìí yín. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, wọn kì í sábà rí i bí ẹni tó ń sá.

Bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni lọ́nà tó máa ṣe ẹlẹ́rìí yín, tí àyà yín ń já, ẹ má wakọ̀ kọjá láì ṣe nǹkan kan. Ẹ gúnlẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 122 tàbí 112, ẹ sọ orúkọ abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, iye èèyàn tó fara pa, àti bóyá iná wà níbẹ̀.